Ọ̀nà Tó Ń Ti Ènìyàn Sí Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ pa ariwo yẹn, ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà kó tètè jẹ ẹ́ tán, torí n kò ní bá ìró èèpo ẹ̀pà du ohùn. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, síbẹ̀ n kì í yé sọ ọ́. Èmi tí mo ti pa ẹfọ̀n kí púpọ̀ nínú yín tó dáyé, èmi tí mo ti bá iwin pàdé tó ń fi irun imú rẹ̀ hun ẹní, tí mo sì bá a dúnàá dúrà ẹní náà, mo gbà pé èyí le ju tèmi lọ. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni.

Ọdẹ́jìnmí jẹ́ ọdẹ ní Òkè Ìlasà níbí, ọkùnrin gíga tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ àfi tí inú bá ń bí i, inú sì máa ń tètè bí i. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Àdìgún, ọdẹ ni òun náà. Lọ́jọ́ kan Àdìgún yìnbọn fún ẹfọ̀n, ẹfọ̀n gbé ọgbẹ́ sá lọ, Àdìgún tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, kò sì padà wálé. Àwọn tó wá a lọ rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu Ààlà. Nígbà tí wọ́n rí i pé Ààlà ló wọ̀, wọ́n ṣẹ́rí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ààlà jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Igbó méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀ wa. Amọ̀ funfun ni ilẹ̀ ìkíní, ẹsẹ̀ tó bá dúró lórí rẹ̀ yóò rì. Òkúta dúdú ni ìkejì látòkè délẹ̀, ó ń dán bí orí apárí, ẹsẹ̀ kò lè dúró lórí rẹ̀ rárá. Kò sí ẹ̀dá tó lè rìn nínú igbó méjèèjì. Ṣùgbọ́n níbi tí amọ̀ àti òkúta ti fẹnu kan ara wọn, ọ̀nà gbalasa kan wà níbẹ̀ tó tẹ́jú tó sì ṣeé sáré lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ méjì tí kò ṣeé rìn ṣe bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí. Mo bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èébú ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Àwọn ọmọ mànàmáná ló ni ọ̀nà náà. Wọ́n kéré ju hóró ọkà bàbà lọ, olúkúlùkù wọn ru iná sórí, wọn kì í jókòó, wọn kì í sinmi, láti ẹnu Ààlà ni wọ́n ti ń sáré wọ inú lọ́hùn-ún. Ẹbí wọn ló ń sáré nínú wáyà tí gílóòbù fi ń tàn nílé yín. Ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ kò kí wọn.

Ìyá àwọn ọkùnrin méjì yìí, Abẹ́bi, ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ nígbà náà. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni kí òun rí ojú Àdìgún kí òkùnkùn tó bo tòun pátápátá. Ọdẹ́jìnmí dìde. Ó kó ọta, ó kó oògùn, ó gba ọ̀dọ̀ Olúọdẹ lọ láti búra.

Ìbúra yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nílùú wa, ọdẹ tó bá ń lọ wá ẹni tó sọnù a mu omi tútù lẹ́nu igbó lójú Olúọdẹ, a sì búra pé òun kò ní kọjú sílé títí ọwọ́ òun yóò fi kan ẹni náà. Ibi yòówù kí ẹni náà wà, kíkọjú sílé yẹn ni a ń pè ní kíkọ ẹ̀yìn sí i. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án, ó ti kéde pé ẹni náà kú nìyẹn. Wọn a gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ náà, wọn a sì ṣe ìṣípà fún ẹni tó sọnù, ìyẹn ètò tí àwa ọdẹ fi ń yọ òkú ọdẹ kúrò láàárín wa. Ọdẹ́jìnmí búra. Ó mu omi náà tán, ó sì da èyí tó kù nínú igbá sórí ara rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn, ó wọ Ààlà.

Kò tíì sáré jìnnà tó fi rí Àdìgún. Àbúrò rẹ̀ wà lápá òsì ọ̀nà, níbi tí ọ̀nà ti pín ààlà pẹ̀lú amọ̀ funfun, amọ̀ sì ti gbé e mì dé orúnkún. Ó ń ju ọwọ́ sókè. Inú Ọdẹ́jìnmí dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín, èmi tí mo sì mọ̀ ọ́n lè sọ fún yín pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ó yí sí òsì, ó sáré sí i.

Ohun kan gbá a léjìká òsì, ó tì í. Kì í ṣe afẹ́fẹ́, ewé kan kò mì. Kì í ṣe ọwọ́, kò rí ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń sáré sí i náà ni ohun náà ń tì í sí ọ̀tún, títí ó fi fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ gbá òkúta dúdú ní òdìkejì ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé gbogbo àwọn ọmọ mànàmáná náà ló ti kó jọ sí. Wọ́n gun ara wọn lórí, ẹ̀gbẹ́ òkúta kún fún wọn ó ń tàn yòò, ẹ̀gbẹ́ amọ̀ tí Àdìgún wà sì ṣófo, ó ṣókùnkùn, ẹnìkan kò sáré gba ibẹ̀ kọjá.

Ó dìde, ó tún un ṣe. Ọ̀nà tún tì í. Ó rìn jẹ́jẹ́, ọ̀nà tì í jẹ́jẹ́. Ó rákò, ó tì í ní ìrákò. Ìgbà tó bá dúró gbagidi nìkan ni kì í tì í, ìdúró kò sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ Àdìgún. Nígbà tó yá, ó ní òun kò ní bá ọ̀nà lọ mọ́, òun yóò dá a kọjá ni. Ó kọjú sí Àdìgún gan-an, ó fi gbogbo agbára sáré. Ó dé àárín ọ̀nà, ara rẹ̀ yí sí ọ̀tún, ó tún yí sí ọ̀tún, ó yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ó sì tún lọ fi iwájú orí gbá òkúta dúdú níwájú ibi tó ti gbéra. Ìgbàkígbà tó bá tún gbìyànjú, inú lọ́hùn-ún ló ń gbé e lọ sí i. Kò pẹ́ tí Àdìgún fi wà lẹ́yìn rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, amọ̀ sì ti dé itan rẹ̀.

Ó kígbe pè é. Ohùn náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó yà sí ọ̀tún, ó lu òkúta, ó sì padà wọ etí òun fúnra rẹ̀. Àdìgún kò gbọ́ nǹkan kan, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rí tó ń ṣí tó ń pa dé. Ọdẹ́jìnmí lo egbé rẹ̀. Egbé gbé e lóòótọ́, ó sì gbé e sọ mọ́ òkúta. Ẹ má rẹ́rìn-ín, egbé rẹ̀ dára. Egbé tèmi gbé mi láti oko dé ilé àna mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́, kò dà, àmọ́ n kò gbójú lé e pé ì bá ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mànàmáná tó fara ti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ibo gan-an ni wọ́n ń sáré lọ. Ọmọ náà ní àwọn kò mọ̀. Ó ní ohun kan ń pe àwọn níwájú, ohun mìíràn ń ti àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kò sì tíì dé ibi kankan rí. Ó wá nàka sókè, sí inú lọ́hùn-ún, níbi tí igi irin kan dúró sí lójú ọ̀nà, tí òkúta òòfà kan tó tóbi ju ilé lọ fi okùn rọ̀ mọ́ ọn. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyẹn kọ́ ni àwọn kò ti rìn tààrà mọ́.

Inú Ọdẹ́jìnmí rọ̀ díẹ̀. Ó ti mọ ẹni tí yóò bá jà báyìí, ìyẹn sì máa ń tẹ́ ọdẹ lọ́rùn. Ó jẹ́ kí ọ̀nà máa gbé e lẹ́bàá òkúta lọ, títí ó fi dé tòsí igi irin náà.

Ẹbọra kan jókòó sídìí igi náà tó ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Kì í ṣe pé wọ́n gé òsì rẹ̀, kò tilẹ̀ hù níbẹ̀ rí. Ọlọ́wọ́ọ̀tún ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́jìnmí ní kó sọ òkúta òòfà náà kalẹ̀. Ọlọ́wọ́ọ̀tún ní òun kò mọ ohun tí òkúta ṣe fún un. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn, ó yìn ín sí àyà rẹ̀. Ọta jáde, ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹbọra, ó lọ wọ inú igbó. Ẹbọra náà yọ etí rẹ̀ wò bóyá ó ṣì pé, ó sì tún un fi sáyè rẹ̀.

Níbí ni ọgbọ́n ọdẹ ti jáde. Ọdẹ́jìnmí tún ki ìbọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tó fẹ́ bà. Ó kọ ọ́ sí òsì, sí ibi tí nǹkan kan kò sí, ó yìn ín. Ọta tẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì ba okùn òkúta òòfà láàárín gbùngbùn. Okùn já. Òkúta já lulẹ̀, ilẹ̀ gbé e mì, ojú ọ̀run ibẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ láìsí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wo ọdẹ. Mo ti ń yìnbọn láti kékeré, n kò tíì yin irú rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí kò dúró gbádùn rẹ̀. Ó kọjú sí òdìkejì ọ̀nà, ó sáré sí ẹ̀gbẹ́ amọ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ pé yóò ti ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá Àdìgún. Ara rẹ̀ yí sí ọ̀tún. Ó tún yí sí ọ̀tún. Ó fi àyà gbá òkúta dúdú, eyín rẹ̀ kan sì kán.

Ó wo òkè, òkúta òòfà kò sí níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ihò tó wọ̀ ti dí. Ó gbá ilẹ̀ ní ìpá, ó gé ìdí ìbọn rẹ̀ jẹ, ó bú ọ̀nà, ó bú ẹfọ̀n tó mú Àdìgún débẹ̀, ó bú baba ẹfọ̀n náà. Ó ní òun ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí òun ṣe, kí ló tún kù. Èmi náà máa ń bá a bú wọn nígbà tí mo bá dé ibí yìí, ẹ forí jì mí.

Ọlọ́wọ́ọ̀tún jẹ́ kó bínú tán, ó wá bi í pé, “Òkúta ti wó. Ta ló wá ń tì ọ́?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Ìwọ ni.” Ẹbọra náà ní òun jókòó, kò sì rí òun kí òun dìde. Ọdẹ́jìnmí ní àwọn ọ̀tá òun nílé ni. Ẹbọra ní ta ni òtòṣì tó ń fi irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Ó ní iwin ọ̀nà ni. Ẹbọra ní ọ̀nà yìí kò ní iwin mìíràn lẹ́yìn òun.

“Àwọn ọmọ kéékèèké yìí ti pẹ́ lábẹ́ òkúta yẹn,” ni ẹbọra wí. “Ó ti wọ̀ wọ́n lára. O gbé e kúrò lókè, o kò gbé e kúrò nínú wọn. Ìwọ náà ti ń bá wọn sáré, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sẹ́ni tó ń tì ọ́, Ọdẹ́jìnmí. Lílọ rẹ ló ń tì ọ́. Ibi tí o bá forí lé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wàá dé.”

Lẹ́yìn èyí ẹbọra náà sùn. Ọdẹ́jìnmí yíjú wo àbúrò rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Amọ̀ ti dé ìbàdí rẹ̀. Ó wo ipa ẹsẹ̀ Àdìgún lórí ilẹ̀, láti àárín ọ̀nà títí dé etí amọ̀, ó sì rí ohun tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn kọjú sílé. Àdìgún ti pa dà lẹ́yìn ẹfọ̀n, ó ń bọ̀ wálé nígbà tí ọ̀nà tì í. Ẹni tó kọjú sí inú igbó, òkúta dúdú ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó kọjú sílé, amọ̀ funfun ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó rẹ Àdìgún, ó dúró sinmi lórí amọ̀ náà, ó sì rì.

Ohun tó yé Ọdẹ́jìnmí nígbà náà kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Òun ti kọjá Àdìgún lọ sínú igbó. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí òun lè fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju kí òun kọjú sílé kí òun sì máa sáré, kí ọ̀nà lè ti òun sí amọ̀, ìyẹn sì ni ìbúra ń pè ní kíkọ ẹ̀yìn sí i.

Ìbọn baba rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun kò sì tíì da ìbúra rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ló ń dùn ún jù. Ọdẹ ni Àdìgún, ó mọ ohun tí ẹ̀yìn ọdẹ túmọ̀ sí. Bí òun bá kọ ẹ̀yìn, Àdìgún yóò gbà pé wọ́n ti ka òun kún òkú. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ ṣàlàyé fún un, ohùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe é, bí àwa ọdẹ ṣe máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú igbó. Àmì ọwọ́ wà fún “ẹran ń bọ̀”, ó wà fún “má mí”, ó wà fún “gba ẹ̀yìn yí i ká”. Kò sí èyí tó wà fún “mo fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ọ kí n lè dé ọ̀dọ̀ rẹ”. Ó ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí agbọ́n ń lé. Àdìgún kàn ń wò ó. Amọ̀ ń gòkè.

Ó bú ara rẹ̀, ó bú ìbúra, ó sì kọjú sílé.

Sísáré padà yẹn ló le jù. Gbogbo àwọn ọmọ mànàmáná ló ń bọ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń rọ́ lù ú lójú àti láyà, iná orí wọn ń ta á. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ríran. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀nà ń ti òun, ó ń tì í kúrò lẹ́bàá òkúta dúdú, ó ń tì í lọ sí àárín, ó ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, ibi tí ọ̀nà kan náà kò jẹ́ kó dé láti ìgbà tó ti wọ Ààlà. Bó ṣe ń sún mọ́ amọ̀, ó gbọ́ ohùn kan níwájú lápá ọ̀tún. Ó mọ orin náà. Ìrèmọ̀jé ni, èyí tí àwa ọdẹ ń sun fún ọdẹ tó kú. Àdìgún ló ń sun ún, ó di ojú rẹ̀, ó ń sun ún fún ara rẹ̀:

“Àdìgún lọ, a kò rí i mọ́.
Ẹ sọ fún Abẹ́bi kó má bu oúnjẹ mi pamọ́ mọ́.
Ẹ̀gbọ́n mi ti wá mi dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ.
Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ẹ̀yìn sí mi.”

Ọdẹ́jìnmí nawọ́, ó dì í léjìká mú. Àdìgún kò la ojú. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin náà ti kú ni?”

“Dákẹ́,” ni Ọdẹ́jìnmí wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Gbé ẹsẹ̀.”

Ó fà á yọ, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kò sì dúró. Ọ̀nà ń tì wọ́n sí amọ̀, wọ́n ń ta kúrò níbẹ̀, ó tún ń tì wọ́n padà, wọ́n tún ń ta kúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì pẹ́ lórí amọ̀ tó fi lè rì. Báyẹn ni wọ́n ṣe ta pọ́ún pọ́ún lẹ́bàá igbó funfun títí wọ́n fi já sí ẹnu Ààlà.

Olúọdẹ àti àwọn ọdẹ tó kù wà níbẹ̀. Wọ́n yọ̀, wọ́n gbé Àdìgún sọ̀kalẹ̀, wọ́n fún un lómi. Lẹ́yìn náà Olúọdẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè, pé ṣé ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí kàn án kó tó kọjú sílé. Ká ní ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ọdẹ́jìnmí ní rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ya òkúta sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ya amọ̀, ó ya ọ̀nà, ó ya ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní oòrùn ti mú un lórí. Ó tún un yà, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, bó sì ṣe ń pariwo ni ó túbọ̀ ń jọ irọ́ létí wọn.

Olúọdẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, ṣé o kọ ẹ̀yìn sí i àbí o kò kọ ọ́?”

“Mo kọ ọ́.”

“Gbé ìbọn wá.”

Ó gbé e fún un. Olúọdẹ tún ní kí wọ́n lọ múra ìṣípà Àdìgún sílẹ̀, torí ẹni tí wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí ti kú lójú ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jókòó níwájú wọn tó ń mu omi. Nígbà tí wọ́n sọ fún Abẹ́bi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú Àdìgún wò lọ́wọ́, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí kó lè rí i. Ó ní kí wọ́n sin ín bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kó jẹun ná.

Wọ́n ṣe ìṣípà náà ní ọ̀sán gangan lẹ́nu igbó. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí òkú jókòó lórí rẹ̀, Àdìgún sì jókòó. Wọ́n kó aṣọ ọdẹ rẹ̀ àti àpò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n yí i po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìrèmọ̀jé. Ẹni tí kò ní ìbọn kò gbọdọ̀ wọ agbo náà. Ọdẹ́jìnmí wà lókèèrè lórí gbòǹgbò igi kan, ó ń fi igi tín-ín-rín ya ọ̀nà yẹn sílẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń yà á, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn.

Àdìgún gbọ́ orin náà díẹ̀. Ó wá dìde lórí ẹní, ó la àárín wọn kọjá. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, torí èèwọ̀ ni bíbá òkú sọ̀rọ̀ bí ìrèmọ̀jé bá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé lọ fún ẹní òfìfo. Ó lọ jókòó sórí gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ohun tó ń yà.

“Ẹ yà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Níbo ni mo wà nígbà tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi?”

Ọdẹ́jìnmí fi àtẹ́lẹwọ́ pa iyẹ̀pẹ̀ náà rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.